Nígbà Tí Ìgbín Òkun Gun Àpáta

Sátidé, 4 oṣù kìíní, 2025

Ọyẹ́ mú lónìí. Ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là. Bí mo ṣe ti ẹsẹ̀ bọ omi lẹ́bàá àpáta ni mo ké "yéè!", Safurat tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní irú ẹni wo ló ń ṣa ìṣáwùrú jẹ tó ń sá fún omi. Kó máa rẹ́rìn-ín lọ. Bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ tiẹ̀.

Omi mọ́ lóló, ó tutù bí ẹni pé inú fíríìjì ló ti jáde. Irú omi yìí gan-an ni ìgbín òkun máa ń bá wá lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n a ò tíì rí ẹyọ kan. Ewé omi ti bo òkúta, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣáwùrú tí mo rí ṣà kò kún abọ́.

Mo délé, Ìyá, ìyá ọkọ mi, bi mí pé ṣé ìgbín òkun ti dé. Mo ní rárá, ìyá. Wọ́n tún bi mí kí n tó tú ìró. Wọ́n tún bi mí nígbà tí mo ń gbé ọbẹ̀ ka iná. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin mo jágbe mọ́ wọn, wọ́n sì ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí jù ni.

Túsìdé, 7 oṣù kìíní

Bàbá Fágbénró ránṣẹ́ pè mí, mo bá sọdá omi lọ kí wọn. Ìdílé wọn ló ni etí omi tí àpáta wà láti ayébáyé. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n fún mi ní mínírà, wọ́n béèrè Múyìwá ọkọ mi. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Ta ló ń fún èèyàn ní mínírà tútù nínú ọyẹ́ lásán?

"Mo gbọ́ pé ara ìyá ọkọ rẹ ò yá."

"Ara wọn yá, bàbá. Ọjọ́ orí ni."

"Ẹn-ẹ́n. Lẹ́yìn ikú ìyá tó bí i, ẹnu ìyá yẹn ni bàbá mi fi àpáta sí. Òun ni kó máa tì í nígbà tí ìgbín òkun bá wá yé, òun ni kó máa ṣí i nígbà tí wọ́n bá lọ, kí ẹ̀yin obìnrin máa rí jẹ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnu rẹ̀ bá kọ iṣẹ́ yẹn, àdéhùn parí. Àwọn ọlọ́kọ̀ yanrìn fẹ́ máa gúnlẹ̀ síbẹ̀, àwọn ọmọ mi ò sì jẹ́ kí n sinmi."

Mo ní, "Ìyá á tì í, Ìyá á sì ṣí i."

Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́. Àwa obìnrin tó ń jẹ lórí àpáta yẹn lé ní ogún. Bí ọkọ̀ yanrìn bá gúnlẹ̀ síbẹ̀, ìṣáwùrú ti parí nìyẹn, a ò sì ní ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ èmi àti Múyìwá nìkan la mọ̀ pé orí Ìyá ti ń dàrú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kúnlẹ̀ kí aṣọ tí mo fi kọ́ ara ògiri, wọ́n ní kó jókòó kó jẹun.

Sátidé, 11 oṣù kìíní

Wọ́n dé!

Ebimobowei tó ń wa ọkọ̀ ojú omi wa ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní "Ànti Mujee, look." Omi ẹsẹ̀ àpáta ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹni pé wọ́n da aró pupa sí i. Ìgbín òkun pọ̀ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Òmíràn tóbi ju ọwọ́ mi lọ. Kò ní ìkarahun, ó rí bí ẹ̀dọ̀ màlúù tí wọ́n fi etí méjì sí lórí. Wọ́n ń gun ara wọn, wọ́n so kọ́ra ní ìlà gígùn, ojú ò tì wọ́n rárá. Safurat ní kí n má wò wọ́n bẹ́ẹ̀, pé ọkọ mi ò sí nílé.

Inú mi dùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí Ìyá.

Mọ́ńdè, 13 oṣù kìíní

Àárọ̀ ni orí Ìyá máa ń dára jù, nítorí náà mo sọ fún gbogbo wọn pé àárọ̀ kùtù la máa ti àpáta. Mo wẹ̀ fún wọn, mo di gèlè fún wọn, mo gbé wọn sínú ọkọ̀. Àdúrà tí mo gbà lórí omi lónìí, bí Ọlọ́run bá gba ìdajì rẹ̀, ó tó mi.

Ìyá ṣe é o! Wọ́n so àgékù àwọ̀n mọ́ irin orí àpáta bí wọ́n ṣe ń so ó lọ́dọọdún. Wọ́n ní, "Àwọn tó ń bá wa jẹ ewé àpáta ti dé. Kí wọ́n jẹ, kí wọ́n yé, kí wọ́n lọ. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ ibí." Ohùn wọn ò gbọ̀n. Wọ́n wá yíjú sí Bàbá Fágbénró tó wá ṣe ẹlẹ́rìí, wọ́n ní, "Fágbénró, ikùn rẹ ti tóbi ju ti èṣín lọ. Ta ló ń bọ́ ọ?" Bàbá dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta tòun ti ọjọ́ orí wọn, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Ìyá fà mí láṣọ, wọ́n rọra bi mí pé ta ló ni ọkọ̀ tí a wà nínú rẹ̀, ṣé wọn ò jí wa gbé ṣá.

Túsìdé, 14 oṣù kìíní

Mo sùn títí oòrùn fi wọ yàrá.

Mọ́ńdè, 20 oṣù kìíní

Ebi ti ń pa àwọn obìnrin. Títì àpáta kì í ṣe eré, gààrí sì ti gbówó lórí. Èmi ń gbé ẹ̀pà àti omi inú ọ̀rá lọ tà fún àwọn awakọ̀ tírélà tó wà lórí ìlà ní èbúté Tin Can. Múyìwá fúnra rẹ̀ ti gbé tírélà rẹ̀ sórí ìlà yẹn láti Jímọ̀. Mo gbé ẹ̀pà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a jókòó sábẹ́ tírélà bí tọkọtaya tí kò nílé. Ó ní kí n mú sùúrù pẹ̀lú ìyá òun. Mo ní, "Sùúrù mi ti kù sí ìdí agolo, wá fi ojú ara rẹ wò ó." Ó mú ẹ̀pà sí i. Ọkùnrin!

Jímọ̀, 24 oṣù kìíní

Mo lọ pọn omi, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. Kí n tó dé, Ìyá ti jáde. Mo wá wọn dé Malu Road, ojú mi ti pọ́n, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mi ò wọ bàtà. Mo bá wọn lọ́dọ̀ fọgánáísà kan, wọ́n dúró láàrin àwọn táyà, wọ́n ń pàṣẹ fún un pé kó kó gbogbo rẹ̀ kúrò kíá, pé omi ń kún bọ̀. Olúwarẹ̀ ṣèèyàn. Ó ti ń yí àwọn táyà rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé "ẹ ṣé, ìyá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ fún mi."

Mo sunkún nígbà tí mo délé. Ìyá bi mí pé ta ló lù mí.

Túsìdé, 28 oṣù kìíní

Háà, Perpetual! Háà!

Lẹ́yìn òjò tó kọjá ni Perpetual bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa ṣa ìṣáwùrú. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ara Warri ni àwọn òbí rẹ̀, kò mọ àpáta rí. Ó gbọ́ pé a ń pe nǹkan orí àpáta yẹn ní ìgbín, ó sì mọ iye tí wọ́n ń ta ìgbín aláta nílé ọtí. Ní ìdájí, ó gba ọkọ̀ ẹlòmíràn, ó lọ kó korobá kan lórí àpáta tí Ìyá ti tì. Ó délé, ó bu álọ́ọ̀mù sí i, ó fún òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i, ó ń fọ̀ ọ́ bí gbogbo wa ṣe ń fọ ìgbín kí ikun rẹ̀ lè kúrò.

Ṣé ikun wá ni? Aró ló ń jáde! Ó ṣan án, aró. Ó tún bu álọ́ọ̀mù, aró. Gọ́tà ilé wọn pọ́n títí dé ojú títì. Àwọn ayálégbé ké pé wọ́n ti ń fi èèyàn ṣoògùn nínú ilé, baba onílé sá jáde tòun ti ìró ìyàwó rẹ̀ nídìí. Pẹ̀lú gbogbo èyí, Perpetual ò ṣíwọ́. Ó gbé e ka iná. Odidi korobá súnkì, ó ku nǹkan tí kò ju bọ́tìnnì lọ. Ó wá tọ́ ọ wò.

Ìgbà tí wọ́n pè mí, ó ti ń bì, ètè rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n bí èsè àlùkò. "Ànti Mujee, àbẹ́ẹ̀gì, ẹ má bínú, I no know." Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ní yóò yè. Mo fẹ́ bínú sí i, àmọ́ mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín ló gbọ̀n mí. Mo lọ rín in tán ní kọ́rídọ̀.

Wẹ́sìdé, 29 oṣù kìíní

Ẹ̀rín ti tán. Àwọn obìnrin ní kí Perpetual máa lọ, kó má tẹ àpáta mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ ti dé etí Bàbá Fágbénró. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́la láti wá gbọ́ ìdájọ́ lẹ́nu Ìyá fúnra wọn. Mo ní kí wọ́n tètè wá láàárọ̀ o, torí oòrùn.

Tọ́sìdé, 30 oṣù kìíní

Wọn ò tètè dé. Tírélà ti dí ọ̀nà Àpápá pa, ó ti di ọ̀sán gan-an kí Bàbá Fágbénró tó wọlé. Láti àárọ̀ ni Ìyá ti múra, orí wọn ti pé ṣáṣá, mo sì ń wò ó bó ṣe ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àlejò fi jókòó, Ìyá ti ń ká etí ìró wọn, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń ká a.

Safurat ròyìn ẹjọ́. Ìyá ò gbójú sókè. Ó dé ibi álọ́ọ̀mù.

"Kí ló fi fọ̀ ọ́?"

"Álọ́ọ̀mù, ìyá. Álọ́ọ̀mù àti òroǹbó."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn, tí wọ́n ń lu itan. Perpetual náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín níbi tó kúnlẹ̀ sí, Bàbá Fágbénró ò lè mú un mọ́ra mọ́, gbogbo ilé gbiná ẹ̀rín. Ìyá nu ojú, wọ́n ní, "Inú rẹ̀ ti dá a lẹ́jọ́. Kí ni kí n tún sọ?"

Bàbá ní ẹjọ́ àgbà ni. Wọ́n lọ. Ìyá bi mí pé kí ló pa àwọn èèyàn yẹn lẹ́rìn-ín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Tọ́sìdé, 6 oṣù kejì

Ooru ti gba ipò ọyẹ́. Iná ò sí. Ìyá kì í sùn mọ́. Wọ́n ń wá ọkọ wọn tó ti kú kó tó di pé wọ́n gbé mi níyàwó, wọ́n ní kó wá jẹ ẹja rẹ̀. Mo ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi ṣí àpáta, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kéékèèké ní kéú.

"Ẹ mú, ẹ ṣẹ́kù."

"Ẹ mú," wọ́n á ní, wọ́n á wá dákẹ́. "Ẹ mú kí ni?"

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ láti ìgbà tí wọn ò tíì ní ewú lórí. Lónìí mo rò ó nínú ọkàn mi pé kí Bàbá Fágbénró kúkú gba àpáta wọn, kí n lè sùn. Mo kọ ọ́ síbí torí pé mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Sọ́ńdè, 9 oṣù kejì

Wọ́n sọ ọ́ pé lẹ́ẹ̀kan lónìí, wọ́n sì tún un sọ lẹ́yìn tí wọ́n jẹun. Mo ra ẹyin fún wọn. Mo jẹ ọ̀kan.

Tọ́sìdé, 13 oṣù kejì

Èmi àti Ebimobowei fi ọkọ̀ yí àpáta po, a ò fẹsẹ̀ kàn án. Ẹyin tó lọ́ mọ́ra bíi súpàgẹ́tì lórí òkúta ti kúrò ní pípọ́n, ó ti ń dà bí omi gààrí. Ó ti ń pa. Àwọn tó yé e ti ń kú, wọ́n léfòó káàkiri bí àkísà. Wọ́n kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tí wọ́n bá yé tán. Mi ò mọ ohun tó dé tí èyí fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí. Àmọ́ ẹ wo òkúta! Wọ́n ti jẹ gbogbo ewé yíyọ̀ yẹn, ó mọ́ tónítóní. Àwọn ọmọ ìṣáwùrú ti lẹ̀ mọ́ ọn yamùyamù.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa ṣí i. Ìyá ò rántí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi ṣí i mọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Mọ́ńdè, 17 oṣù kejì

Safurat ya wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Mo ń lọ ata lẹ́yìnkùlé, kí n tó wọlé Ìyá ti bi í lẹ́ẹ̀mẹta pé ọmọ ta ni. Mo bẹ̀rẹ̀ irọ́ mi, mo ní oorun ni, mo ní oògùn ibà tí wọ́n lò ni. Safurat mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá yàrá. Ó gbá a dé ẹsẹ̀ mi.

"Mujee, mo ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá. Gbogbo wa la mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tó ò sọ fún wa?"

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lé e jáde. Gbogbo oṣù yìí tí mo ń dá gbé e! Ó gba ata lọ́wọ́ mi, ó lọ̀ ọ́ parí, ó se ọbẹ̀, ó fún Ìyá lóúnjẹ. Mo sùn lórí ẹní, mo ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì. Kó tó lọ, ó ní, "Tí Ìyá ò bá lè sọ ọ̀rọ̀ àpáta lọ́jọ́ náà, a ò lè bá wọn sọ ọ́. Bàbá ò ní gbà." Mo ní mo mọ̀.

Tọ́sìdé, 20 oṣù kejì

Mo fẹ́ kọ ti òní bó ṣe rí gan-an, torí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bù mọ́ ọn ní etí omi.

Ìyá ò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn ò fẹ́ wọ ọkọ̀, wọ́n ń di ọwọ́ mi mú gírígírí. Ebimobowei gbé wọn bí ẹni gbé ẹyin. A dé àpáta, gbogbo àwọn obìnrin ti wà nínú ọkọ̀ tiwọn, abọ́ lórí itan. Perpetual náà wà níbẹ̀. Bàbá Fágbénró dúró lórí òkúta pẹ̀lú Kọ̀yà, àkọ́bí wọn. Lẹ́yìn Kọ̀yà, ọkùnrin ọlọ́kọ̀ yanrìn kan tó wọ bàtà ńlá ń wo omi bí ẹni ń wo ilẹ̀ tó fẹ́ rà.

Mo mú Ìyá dé ìdí irin. Àgékù àwọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n wò ó. Wọ́n wo omi. Mo sọ ọ́ sí wọn létí, "Ẹ mú, ẹ ṣẹ́kù." Wọn ò dà bí ẹni tó gbọ́. Kọ̀yà húkọ́. Ìgbì ń lu òkúta, mo ń gbọ́ ọ nínú orí mi.

Ìyá wá yíjú sí mi. Ojú wọn tàn. Ojú ọmọdé ni, mi ò rí i lójú wọn rí. Wọ́n kúnlẹ̀ fún mi, ìyá ọkọ mi, lórí òkúta tútù yẹn, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Yèyé," wọ́n ní. "Yèyé mi, ṣé a lè mú báyìí? Àlejò ti lọ."

Yèyé wọn ló ṣí àpáta ṣáájú wọn. Ìyá ti kúrò lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti padà di ọmọdébìnrin tó gbé abọ́ tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá sétí omi. Mo fẹ́ sọ pé "Ìyá, èmi ni, Mujeedat ni." Ó ti dé ẹnu mi. Àmọ́ wọ́n ń wò mí, wọ́n ń dúró dè mí, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n díẹ̀ pé mo lè sọ pé rárá.

Mo ní, "Ẹ mú. Ẹ ṣẹ́kù."

Mo tú àwọ̀n náà kúrò lára irin. Àwọn obìnrin ò mira. Kọ̀yà ní, "Bàbá, kò sọ ọ́. Ẹ̀yin náà gbọ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́."

Bàbá Fágbénró ò wo Kọ̀yà. Wọ́n ń wo Ìyá tó kúnlẹ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n ò rí kí obìnrin yìí tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí àpáta yìí," wọ́n ní. "Lọ́wọ́ èmi gan-an, kò tọrọ rí. O rí i pé ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ti tọrọ rẹ̀ lónìí. Ẹnu rẹ̀ ló gbé fún un yẹn." Wọ́n yíjú sí ọkùnrin oníbàtà ńlá. "Ẹ máa lọ sílé, ọ̀gá. Àpáta ní ìyá."

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà á gbọ́, àbí àánú wa ló ṣe wọ́n. N ò ní bi wọ́n láéláé. Safurat ló kọ́kọ́ bọ́ sómi, àwọn yòókù tẹ̀lé e, ariwo gba gbogbo ibẹ̀. Wọ́n ń pe "Ìyá Àpáta! Ìyá Àpáta!" Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ni orúkọ ń bá wọn pàtẹ́wọ́, wọn ò mọ ẹni tí àwọn obìnrin ń kí.

Mi ò ṣa nǹkan kan. Mo gbé Ìyá padà sínú ọkọ̀. Ebimobowei wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Ìyá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, ìró wọn ti rin gbingbin.

"Yèyé, omi yẹn tutù."

Mo fi gèlè mi bò wọ́n léjìká. Mo mọ̀ pé mi ò ní gbọ́ kí wọ́n pè mí ní Mujeedat mọ́.

"Ó tutù lóòótọ́," mo ní. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."